Àwọn Ìwé Màmá Nínú Àpò Ìdọ̀tí

Òjò winniwinni ń rọ̀ ní àárọ̀ Sátidé yẹn, irú èyí tí kì í rọ̀ kó tán, tí kì í sì í dá. Tí ẹ bá wò ó láti ojú fèrèsé, ẹ ò ní mọ̀ pé òjò wà. Ìgbà tí ẹ bá rìn dé ìdí bọ́ọ̀sì ni ọrùn yín yóò sọ fún yín. Ojú ọ̀run rí bí omi tí wọ́n ti fi nu ilẹ̀ tán. Èmi àti Màmá ń lọ gbá ilé ìjọ wa ní Peckham, nítorí ọjọ́ kejì ni àjọ̀dún. Mo di ọwọ́ ọ̀tún wọn mú, wọ́n fi tòsì há báàgì tí kọ́kọ́rọ́ ìjọ wà nínú rẹ̀ mọ́ abíyá. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n nígbà náà, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn gbé báàgì yẹn.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa ìdọ̀tí ńlá tí káńsù fún ìjọ, àpò dúdú mẹ́ta wà nílẹ̀. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti fa ọ̀kan ya. Egungun adìyẹ, ìrẹsì ọlọ́bẹ̀, bébà tí àwọn ènìyàn ti fi nu ẹnu, gbogbo rẹ̀ tú sínú omi òjò, epo ń léfòó lórí rẹ̀. Mo fẹ́ ré e kọjá. Ìgbà náà ni mo rí ìwé kan tó lẹ̀ mọ́ itan adìyẹ. Bírò búlúù ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà ńláńlá bíi ti ọmọ ilé ìwé. Kò sí ẹni tí kò mọ ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn nínú ìjọ wa.

"Àjọkẹ́, kí lò ń wò?"

"Màmá, ẹ jẹ́ ká wọlé."

"Mo ní kí lò ń wò? Ojú mi ló ń ṣe bàìbàì, orí mi ò ṣe bàìbàì."

"Ìwé yín ni, Màmá. Wọ́n ti kó o dànù."

Màmá pòṣé. Òṣé Màmá ju oríṣìí kan lọ. Èyí tí wọ́n ń pa fún ọbẹ̀ tó jóná kúrú. Èyí tí wọ́n pa láàárọ̀ yẹn, mo rò pé kò ní tán.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀, kí n sọ irú ẹni tí Màmá jẹ́.

Oṣù mẹ́ta rèé tí Màmá, ìyá tó bí ìyá mi, ti lọ, lẹ́ni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Èmi náà ti di ìyá àgbà, mo ní ọmọ-ọmọ méjì. Ìwé mẹ́fà ni mo kà nílé kí n tó wá bá wọn ní London, nítorí náà bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ohun tó mú mi gbé bírò ni ìwé ìbánikẹ́dùn tí a tẹ́ sórí tábìlì lọ́jọ́ ìsìnkú. "Mummy jẹ́ oníwà tútù." "Grandma ò bá ẹnikẹ́ni jà rí." Wòlíì Dípọ̀, olórí ìjọ wa, sunkún nídìí pósí ju èmi tí mo pa wọ́n lójú dé lọ. Mo wò ó, itọ́ kún mi lẹ́nu. Mo gbé e mì nítorí òkú tó wà nílẹ̀.

Màmá mi kì í ṣe oníwà tútù. Ohun púpọ̀ ló máa ń rí wọn lára, wọn kì í sì í pa á mọ́ra. Kànrìnkàn tó sùn nínú omi. Ẹni tó wọ bàtà gun kápẹ́ẹ̀tì. Òdòdó oníke tí wọ́n kó sórí pẹpẹ, tí eruku bò. Ẹni tó ń gbàdúrà tó ń fi ojú kan wo fóònù. Àlejò oníwàásù kan jẹun nílé wa nígbà kan, ó fi kọ́tìnì nu ọwọ́, ó rò pé a ò rí òun. Kí ó tó mu omi tán, Màmá ti gun àga, wọ́n ti ń tú kọ́tìnì náà sílẹ̀ ní orí ẹ̀.

"Mummy, ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí o, ọmọ mi. Jẹun ẹ. Ẹ̀gbin ni mò ń kó jáde."

Bẹ́ẹ̀ náà sì ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn fọ ilé ìgbẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún níbi iṣẹ́, tí wọ́n tọ́jú arúgbó tó ń ṣe sára, tí wọn ò fi ìbọ̀wọ́ ṣe é bí kò bá sí. Mo béèrè lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ kan pé ṣé ìyẹn ò rí wọn lára ni. Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò gbọ́n tó. "Ìdọ̀tí tí omi bá lè fọ̀, kí ló kàn mí pẹ̀lú ẹ̀?"

Kí n tó dé ìlú yìí, yàrá iwájú Màmá ni ìjọ wa ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin mẹ́ta ni wọ́n: Màmá fúnra wọn, Ìyá Bọ̀sẹ̀ tó ń gbé ní Brockley, àti Sístà Rúùtù ti Sydenham. Onílé ò fẹ́ ariwo aláṣọ funfun, wọ́n wá ń pín in kiri. Ọ̀sẹ̀ yìí nílé eléyìí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ nílé ìyẹn. Màmá ló ń kọ ibi tí wọn yóò ti pàdé sí ẹ̀yìn ápòòwé, sí ara páálí kọnfíléèkì, sí ẹ̀yìn ìwé iná, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tó kù. Ọ̀kan wà níwájú mi báyìí. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

"Ọjọ́ Ìsinmi: ilé Ìyá Bọ̀sẹ̀, Brockley. Ẹ mú àga wá. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e: ilé Rúùtù, Sydenham. Ara ọmọ rẹ̀ ò yá, ẹ má kọrin sókè. Ọjọ́ Máíkẹ́lì Mímọ́: gbọ̀ngàn tí a yá ní Stockwell. Kọ́kọ́rọ́: Àbẹ̀kẹ́."

Àbẹ̀kẹ́ ni Màmá. Ní ọdún kẹrin ni bàbá Dípọ̀ dé, Bàbá Josáyà, tòun ti ìyàwó àti Dípọ̀ tó ṣì wà lọ́mọ ọwọ́. Ohùn rẹ̀ dùn, kóòtù rẹ̀ dára, wọ́n fún un ní àga ọlọ́wọ́. Àtìgbà náà ló ti jókòó síbẹ̀, ó di olórí. Màmá ò bínú sí ìyẹn. Nígbà tí ìjọ rí ilé gbà lẹ́yìn ìlà réluwé, tí wọ́n fi orúkọ Máíkẹ́lì Mímọ́ pè é, Màmá ló ń ṣílẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn náà, tí ẹ bá fà á, á ti ara rẹ̀. Ṣíṣí ni kò ṣeé ṣí láìsí kọ́kọ́rọ́. Lẹ́yìn tí olè já a, wọ́n pààrọ̀ àgádágodo rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ tuntun sì jẹ́ ẹyọ kan péré. Nígbà tí bàbá náà kú, tí Dípọ̀ gba ipò rẹ̀, kò béèrè ẹ̀dà, torí kò tíì dé ibẹ̀ rí kí ilẹ̀kùn tó ṣí.

Kọmítì ìjọ rán ẹnì kan sí Màmá pé Mummy ti dàgbà, kí wọ́n máa sinmi, kí àwọn ọ̀dọ́ máa wá ṣílẹ̀kùn láago mẹ́fà àárọ̀. Màmá ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀. Èwo nínú wọn ló ti jí?"

Ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti mọ̀ pé ìwé kì í ṣe ohun tí à ń jù nù. Yunifásítì kan ni, ní àárín ìlú. Èmi àti wọn la jọ ń tọ́jú àjà kẹta, aago márùn-ún sí mẹ́jọ àárọ̀. Obìnrin òyìnbó kan wà níbẹ̀, Dókítà Hẹ́lẹ́nì, tó máa ń tètè dé bíi tiwa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kíka ìwé àtijọ́ tí àwọn ará Íjíbítì fi koríko odò ṣe, tí wọ́n fi èdè Gíríìkì kọ. Ìwé koríko ni Màmá ń pè é. Lọ́jọ́ kan ó pè wá wọlé pé kí a wá wò ó. Abẹ́ gíláàsì ló wà, ó pọ́n bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ, kòkòrò ti dá ihò sí i. Màmá kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn kí wọ́n má baà fi kan nǹkan.

Wọ́n béèrè pé kí ló kọ síbẹ̀. Dókítà ní ibi tí àwọn Kírísítẹ́nì ìlú kan yóò ti pàdé ni: ọjọ́ báyìí, ilé Máíkẹ́lì Mímọ́, ọjọ́ báyìí, ilé Màríà Mímọ́, ọjọ́ báyìí, ilé Jòhánù Mímọ́.

Màmá wò mí. "Àjọkẹ́, tiwa mà nìyẹn!"

Dókítà fi òmíràn hàn wá. Okùn tuntun fún kànga ìjọ báyìí-báyìí. Wáìnì fún aṣọ́nà ìjọ báyìí-báyìí lọ́jọ́ ọdún. Ó ní àwọn ilé ìjọ yẹn ti wó, iyanrìn ti bo ìpìlẹ̀ wọn, kò sì sẹ́ni tó jókòó kọ ìtàn wọn. Ìwé okùn àti ìwé wáìnì ló jẹ́ kí a mọ̀ pé wọ́n wà rí, àti orúkọ ẹni mímọ́ tí wọ́n fi pè wọ́n.

"Níbo lẹ ti rí i?" Màmá béèrè.

"Lórí àkìtàn ìlú náà. Wọ́n ti jù ú nù."

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Dókítà tún ní nígbà mìíràn, ìjọ lágbájá nìkan ni ìwé máa ń sọ, wọn ò wá mọ̀ bóyá ẹni mímọ́ ni lágbájá yẹn, tàbí ẹni tó kọ́ ilé, tàbí ẹni tó ni ilẹ̀. Ó ní àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lé e lórí.

"Kí ni wọ́n ń jiyàn sí?" ni Màmá wí. "Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ni."

Dókítà Hẹ́lẹ́nì rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó tún kọ́ wa pé bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá rin, a kì í nù ún. A máa ń tẹ́ ẹ sáàárín aṣọ funfun gbígbẹ ni, kí a fi nǹkan tó wúwo tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣì wà nínú Màmá. Wọ́n béèrè pé ta ló ń gbá àwọn ilé yẹn. Dókítà ní òun ò tíì rí i nínú gbogbo èyí tó wà lọ́wọ́ òun. Ojú Màmá korò. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n ti ń kọ orúkọ ẹni tó gbálẹ̀ kún ìwé tiwọn, tí wọ́n sì ń kó gbogbo rẹ̀ sínú agolo bisikíìtì ní yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ. Lórí bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ padà sílé, wọ́n ṣì ń pòṣé. "Wọ́n kọ okùn, wọ́n kọ wáìnì. Ẹni tó kọ ìwé yẹn ò gbálẹ̀ rí láyé ẹ̀."

Ìjà Màmá àti Dípọ̀ ò ju ẹyọ kan lọ, ṣùgbọ́n ó pẹ́. Ní oṣù bíi mélòó kan ṣáájú àjọ̀dún yẹn, Dípọ̀ dìde ní ìpàdé, ó ní Ẹ̀mí ti sọ pé kí ìjọ pa orúkọ dà. Kì í ṣe Máíkẹ́lì Mímọ́ mọ́. Josáyà Mímọ́ ni. Wọn yóò gbé pátákó ńlá kọ́ ara ògiri, wọn yóò kọ ìtàn ìjọ síbẹ̀: pé Bàbá Josáyà gun orí òkè kan, áńgẹ́lì fara hàn án, ó sì dá ìjọ sílẹ̀ ní Peckham lóun nìkan.

Màmá na ọwọ́ sókè. "Òkè wo?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Dípọ̀ ní, "Mummy, ó jẹ́ òkè ti ẹ̀mí."

"Áńgẹ́lì ọ̀hún, ṣé ó dárúkọ Ìyá Bọ̀sẹ̀ fún bàbá ẹ? Ṣé ó dárúkọ Rúùtù?"

"Mummy, with respect, àwọn yẹn ti kú. Kò sí proof. Church history la ń sọ."

"Mo ní ìwé," ni Màmá wí, wọ́n sì jókòó.

Mo rí i bí Dípọ̀ ṣe wo ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ. Ó yẹ kí n ti gbé agolo yẹn lọ sílé lọ́jọ́ náà. Mi ò gbé e. Mo rò pé ilé Ọlọ́run ni. Nígbà tí a ń lọ sílé, mo ní kí Màmá fi í sílẹ̀, kí ni orúkọ ara pátákó lè ṣe. Wọ́n dúró sójú ọ̀nà. "Rúùtù bí ọmọ ní Wẹ́sìdeè, ó gbálẹ̀ fún ìsìn ní Sọ́ńdè. Tí ìwé yẹn bá sọnù, ta ló tún máa sọ pé Rúùtù wà rí?"

Bí ìwé yẹn ṣe wá dé inú egungun adìyẹ nìyẹn. Ní Fúráìdè, lẹ́yìn ìpàdé àdúrà, orúnkún ń dun Màmá, a tètè lọ sílé. Kọmítì dúró jẹun, wọ́n palẹ̀ mọ́, wọ́n fa ilẹ̀kùn, ó ti ara rẹ̀.

Mo ṣì bẹ̀rẹ̀ nídìí àpò láàárọ̀ Sátidé yẹn nígbà tí ọkọ̀ Dípọ̀ dé, òun àti ẹni tó fẹ́ bá a kan pátákó. Bàtà rẹ̀ ń dán. Ó fi ẹsẹ̀ yẹ ìrẹsì tó wà nílẹ̀.

"Ah, Mummy! Nínú òjò? Ẹ wọlé, ẹ wọlé."

"Dípọ̀, ta ló kó ìwé mi síbí?"

"Mummy, please, ẹ má bínú. Mo rí ìran ni. Orúkọ òkú ló pọ̀ nínú ìwé yẹn, òun ló ń dí ìlọsíwájú ìjọ lọ́wọ́. Ẹ̀mí ní ká kó o jáde kúrò lẹ́yìn pẹpẹ."

"Ẹ̀mí ní kí ẹ dà á mọ́ egungun?"

"Committee ló palẹ̀ mọ́, Mummy. Èmi kọ́."

"Bàbá ẹ ńkọ́? Ṣé òun ò kú ni?"

Dípọ̀ fa ara rẹ̀ sókè. "Bàbá ti di ẹni mímọ́."

Màmá wò ó láti orí dé bàtà, wọ́n rọra sọ̀rọ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀: "Nígbà tí ìyá ẹ wà níbi iṣẹ́, èmi ni mo ń fọ ìdí ẹ nínú yàrá iwájú mi. Ìyẹn ò rí mi lára rí, Dípọ̀. Èyí rí mi lára."

Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un. Wọ́n dúró títí ó fi kan pátákó rẹ̀ tán, tó fi aṣọ elésèé àlùkò bò ó. Nígbà tó lọ, wọ́n fa ilẹ̀kùn, wọ́n ju kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì. A ò gbálẹ̀.

A gbé àpò náà wọ bọ́ọ̀sì. Omi ọbẹ̀ ń kán sí mi lẹ́sẹ̀. Obìnrin kan dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó bo imú. Màmá sọ fún un pé, "Ẹ ò jẹ̀bi. Ó ń rùn." Nílé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìwé kúrò lára awọ adìyẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, mò ń fi ọwọ́ kan bo ẹnu. Mo mú aṣọ ìnuwọ́.

"Má nù ún! Tẹ́ ẹ. O ò rántí Hẹ́lẹ́nì?"

Aṣọ funfun tó fẹ̀ tó ò sí. Màmá wọ yàrá, wọ́n gbé sùtánà tuntun tí wọ́n rán fún àjọ̀dún jáde, tí wọ́n ti lọ̀ kalẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì, wọ́n sì ń to ìwé ọlọ́bẹ̀ sórí rẹ̀. Epo pupa ń fà wọ inú aṣọ náà bí mo ṣe ń wò ó.

"Màmá! Èyí tí ẹ fẹ́ wọ̀ lọ́la nìyẹn!"

"Mi ò lò ó lọ́la."

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n jí láago márùn-ún bí wọ́n ṣe máa ń jí. Wọ́n wẹ̀, wọ́n wọ ìró àti bùbá funfun tó ti pẹ́. Wọ́n mú ìgbálẹ̀, wọ́n gbá yàrá iwájú, wọn ò jẹ́ kí n gbà á. Wọ́n to gbogbo àga ilé, àti àpótí tí mo fi ń gun kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n bu omi sínú abọ́ ńlá, wọ́n tan àbẹ́là. Tábìlì ìwé wà láàárín. Wọ́n ní kí n ṣí ilẹ̀kùn àbáwọlé gbayawu. Òjò ṣì ń rọ̀.

Láago mẹ́wàá ku díẹ̀, fóònù dún. Dípọ̀ ni; mo fi í sí ohùn òkè kí Màmá lè gbọ́.

"Mummy, níbo lẹ wà? Everybody is outside! Àwọn àlejò Birmingham ti dé. Òjò ń pa wọ́n, sùtánà ló wà lọ́rùn wọn, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi dúró!"

"Orúkọ ta lẹ fi pe ilé náà?"

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ báyìí..."

"Orúkọ ta ni?"

"Josáyà Mímọ́."

"Ẹ ní kó wá ṣílẹ̀kùn." Wọ́n sì na ọwọ́ sí mi pé kí n pa fóònù.

Bọ̀sẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, ọmọ Ìyá Bọ̀sẹ̀, bàtà lọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti pọ́n fún òtútù. Ó ní nígbà tí Dípọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn ni òun ti mọ ibi tí Màmá wà. Ẹni méje tẹ̀ lé e. Màmá ò kí i ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́; wọ́n fa ọwọ́ rẹ̀ lọ sídìí tábìlì, wọ́n fi ìka tọ́ ìwé kan. Bọ̀sẹ̀ tẹ̀ ba, ó kà á: "Ilé Ìyá Bọ̀sẹ̀, Brockley. Ẹ mú àga wá." Ó tún un kà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

Màmá wá ápòòwé kan jáde, wọ́n fún mi ní bírò. "Kọ ọ́."

Mo kọ bí wọ́n ṣe ń pè é: Ọjọ́ Ìsinmi: yàrá iwájú, Peckham. Ẹni tó gbálẹ̀: Àbẹ̀kẹ́. Ẹni tó ṣílẹ̀kùn: Àjọkẹ́. Ẹni tó kọ́kọ́ dé: Bọ̀sẹ̀. Kọ́kọ́rọ́...

Mo dúró. "Màmá, kí ni kí n kọ síwájú kọ́kọ́rọ́?"

Wọ́n ti ń wá ojú ìwé orin. "Fi àyè ẹ̀ sílẹ̀. Ṣé o ò rí i pé ilẹ̀kùn ti ṣí ni?"